Gbòǹgbò Eruwà àti Ẹnu Màlúù

Ẹni tó fẹ́ ra màlúù lọ́jà á kọ́kọ́ wo ìbàdí rẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá ó jẹun yó. Àpilẹ̀kọ yìí ń wo ibi tí oníbàárà kì í wò: gbòǹgbò koríko tí ẹran jẹ kù sílẹ̀ lọ́dàn Òkè-Ògùn, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ewé ni koríko fi ń se oúnjẹ nínú oòrùn. Nínú oúnjẹ náà ni gbòǹgbò ti ń jẹ. Lọ́dún 1955, olùwádìí Franklin Crider fi hàn ní Amẹ́ríkà pé bí a bá gé ewé koríko tó ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbòǹgbò rẹ̀ lè dáwọ́ ìdàgbà dúró. Bí a bá gé ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ó di ọjọ́ 12 kó tó tún máa dàgbà. Níbi tí òjò ti wọ́n, ọjọ́ 12 kì í ṣe kékeré.

Síbẹ̀, n kò gbà pé ẹnu màlúù nìkan ló ń ba gbòǹgbò jẹ́. Lọ́dún 1993, àwọn olùwádìí Milchunas àti Lauenroth kó àbájáde ibi 236 káàkiri ayé jọ. Wọn kò rí i pé ìjẹko ń dín gbòǹgbò kù níbi gbogbo. McNaughton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí àdínkù bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dàn Serengeti ní Tanzania. Ọ̀pọ̀ ẹran ìgbẹ́ ibẹ̀ kì í jókòó sójú kan. Bó ti ń jẹ ló ń ṣí lọ, koríko á sì sinmi.

Ìsinmi yìí gan-an ni eruwà, koríko ọ̀dàn wa, kì í rí. Kí òjò tó dá, ó ti kó oúnjẹ pamọ́ sí ìdí àti gbòǹgbò rẹ̀. Nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn kan á ti iná bọ ọ̀dàn kí ewé tútù lè rú fún ẹran. Oúnjẹ ìpamọ́ yẹn ni eruwà ń ná láti rú. Bí màlúù bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, kí ni yóò fi pàdé òjò àkọ́rọ̀? Pátákò tún ti tẹ ilẹ̀ le, omi òjò á ṣàn lọ láìwọlẹ̀. Bí eruwà bá kú, irú koríko bíi gbági, tó fara da ìtẹ̀mọ́lẹ̀, ló máa ń gbapò.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ṣòfin láti ọdún 2019 pé kí ẹran má jẹko ní gbangba mọ́, kí a máa sìn ín nínú ọgbà. Mo fara mọ́ ọn, nítorí oko àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbà nìkan kò lè gba gbòǹgbò là: màlúù tí a há mọ́ ojú kan á máa jẹ ìdí koríko kan náà léraléra. Kí a pín ọgbà sí abala, kí apá kan máa sinmi láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀.

Ẹ̀yin olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ jẹ́ kí a gbé ọkọ́ lọ sí Òkè-Ògùn lẹ́ẹ̀rùn, kí a hú gbòǹgbò eruwà, kí a sì wọ̀n ọ́n.