Owó Tí A Kò Ná

Owó a máa kú. Bí ìjọba ti ń bí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ìjọba ń pa á, ọjọ́ ikú rẹ̀ a sì máa wà nínú ìwé. Lẹ́yìn ikú yìí ni ó ń di ohun tí àwa tí ń ṣa owó àtijọ́ jọ ń wá kiri. Kétu ni mo ń gbé, lẹ́bàá ọjà Mile 12, níbi tí owó kì í ti í sinmi. Bébà owó tí ó bá ti ọwọ́ aláta bọ́ sí ọwọ́ alábàárù, tí ó sì ti ibẹ̀ dé ọwọ́ ọlọ́kọ̀, kì í pẹ́ gbó. Irú owó bẹ́ẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ dá a. Síbẹ̀, bí ó bá di owó àtijọ́ lọ́la, iye kékeré ni a ó dá lé e.

Ìdí rẹ̀ ni pé nǹkan mẹ́rin ni a máa ń wò kí a tó díye lé owó bébà àtijọ́: ọjọ́ tí a kọ sí i, ìbuwọ́lùwé tí ó wà lára rẹ̀, bí irú rẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n tó, àti bí ara rẹ̀ ti rí. Èyí tí a kò ká rí, tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì mú, a máa ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ti gbó lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ọjọ́ ara owó pàápàá ń fẹ́ àlàyé. Owó bébà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kọ́kọ́ fi síta ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 1959, ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 1958 ni a kọ sí i lára. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè pe ojúlówó ní ayédèrú.

Ṣáájú èyí, owó tí Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń ṣe ni a ń ná. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ ní 1912, ó sì fi bébà síta ní 1916, nígbà tí fàdákà wọ́n nítorí Ogun Àgbáyé Kìíní. Àwọn baba wa tí ọwọ́ wọn ti mọ owó ẹyọ àti ṣílè fàdákà kò fi tayọ̀tayọ̀ gbà á. Wọ́n mọ̀ pé iná lè jó bébà, ikán sì lè jẹ ẹ́. Ohun tí wọn kò tíì mọ̀ ni pé ìjọba lè pa á láìfọwọ́ kàn án.

Wọ́n mọ̀ ọ́n nígbà tí ó yá. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1968, nígbà ogun abẹ́lé, ìjọba àpapọ̀ pààrọ̀ owó bébà kí èyí tí ó wà lọ́wọ́ Biafra má baà wúlò mọ́. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni aráàlú ní láti kó tiwọn dé báńkì. Biafra náà fi pọ́n-ùn tirẹ̀ síta ní oṣù kan náà. Nígbà tí ogun parí ní 1970, ó di bébà lásán. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1973, náírà rọ́pò pọ́n-ùn, náírà kan sí ṣílè mẹ́wàá. Ní 1984, ìjọba ológun tún yí àwọ̀ owó padà. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ní ń mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ìyá wa ni ó rí ẹni bá wọn dífá owó?

Ìyá kan tí ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12 gbé ìdì kan tọ̀ mí wá nígbà kan. Ó ní, “Bàbá, wọ́n ní ẹ mọ iye owó àtijọ́. Inú àpótí ìyá mi ni mo ti rí èyí lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán.” Pọ́n-ùn ọdún 1958 ni, ara wọn mọ́ tónítóní. Mo sọ iye tí wọ́n lè mú wá, inú rẹ̀ dùn. Ó wá bi mí pé, “Kí ló dé tí wọn kò ná an?” Mo sọ ti ọdún 1968 fún un. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó yọ ẹyọ kan kúrò nínú ìdì náà, ó ní òun kò ní ta ìyẹn.

Ohun tí mo rí fà yọ nìyí: ìmọ́tótó tí a ń sanwó lé lórí, àdánù ẹnìkan ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ilẹ̀ Finland, àdánù náà hàn sójú. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1945, ìjọba ibẹ̀ kéde pé kí àwọn ènìyàn fi sáàsì gé owó bébà ńláńlá wọn sí méjì. Ìlàjì apá òsì ni wọ́n ń ná ní ìdajì iye rẹ̀. Ìlàjì apá ọ̀tún di ẹ̀yáwó tipátipá fún ìjọba. Lónìí, àwọn tí ń ṣa owó jọ ń wá àwọn ìlàjì wọ̀nyí, nítorí pé ojú ibi tí sáàsì gbà kọjá ni ìtàn wọn wà. Owó tiwa kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀ bá ti kú, tí ọmọ sì tà á, ìtàn náà parí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí ìjọba fẹ́ pa igba, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún náírà àtijọ́, ènìyàn tò sí iwájú báńkì káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ni ó dá ẹ̀mí owó náà sí ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta. Ti ìgbà yìí rí alágbàwí. Ti 1968 kò rí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé owó òbí rẹ̀ wá fún mi láti díye lé, mo máa ń kọ orúkọ ẹni tí ó ni í, iṣẹ́ tí ó ṣe àti ìdí tí kò fi ná an sínú ìwé kan, kí n tó sọ̀rọ̀ iye. Ọjà lè sọ iye tí bébà náà tó. Ilé tí ó ti wá nìkan ni ó lè sọ iye tí ó náni.