Ọ̀nà Aró: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Ìwòsàn Ọpọlọ ní Ilẹ̀ Wa

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Òwe yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn láti Igbó-Elérin tàbí Ìbà bá bi mí pé níbo ni òun ti lè lọ kọ́ ìwòsàn àrùn ọpọlọ. Òkè òkun ni ọkàn wọn máa ń fà sí. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí èmi náà rékọjá òkun kí n tó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n mọ ìtàn ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ tọ̀.

Ọ̀nà náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ní ọdún 1855 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta láti ilẹ̀ Sàró lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Ọ̀kan nínú wọn, James Africanus Horton, gba oyè ní Edinburgh ní 1859. Obadiah Johnson, àbúrò Samuel Johnson òpìtàn wa, kàwé ní Edinburgh bákan náà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n yege, ìjọba sì gbà wọ́n síṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní 1902, nígbà tí wọ́n da iṣẹ́ ìṣègùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ sójú kan, ìjọba náà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ Áfíríkà: ẹni tí òbí rẹ̀ jẹ́ ará Yúróòpù nìkan ni wọ́n fẹ́. Ìmọ̀ kọ́ ni a kò ní. Àyè ni wọn kò fún wa.

Láàárín àkókò yìí ni a ṣí ilé wèrè Yábàá, ní 1907. Àhámọ́ ni, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi wà láìní dókítà kan tí ó kọ́ nípa àrùn ọpọlọ.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Thomas Adéoyè Lámbò, tí a bí ní 1923. Ó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ ìwòsàn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró ní 1954, ilé ìwòsàn tuntun náà kò tí ì parí. Kò dúró de àwọn bíríkìlà. Ó bẹ àwọn ará abúlé tí ó yí Aró ká kí wọ́n gba aláìsàn sílé. Ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú, nítorí ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Nígbà náà ni ẹsẹ̀ yí padà lójú ọ̀nà. Raymond Prince wá láti Kánádà sí Aró ní 1957, ó sì kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn Yorùbá. Ní 1961 ni àwọn dókítà ọpọlọ gbogbo Áfíríkà ṣe àpérò wọn àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta. Alexander Leighton wá láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà. Ìwé tí òun àti Lámbò pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ lórí àrùn ọpọlọ láàárín Yorùbá jáde ní 1963. Ní ọdún kan náà ni Lámbò di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a máa fi Aró yangàn lásán. Òfin wèrè tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó wà nílẹ̀ títí di oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2023, nígbà tí ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun. Ẹ̀wọ̀n àti pàṣán kò sì tí ì tán ní gbogbo ilé tí a ń kó aláìsàn sí. Ọ̀pọ̀ dókítà tí ìbá mú wọn kúrò níbẹ̀ ti lọ, wọn kò sì padà.

Nítorí náà, ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ Igbó-Elérin, bí àyè bá ṣí fún ọ ní òkè òkun, lọ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ dé Yábàá, kí o sì dé Aró. Lámbò kó ìmọ̀ bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ilé ni ó ti rí ohun tí Lọ́ńdọ̀nù kò fún un: ẹbí tí ó jókòó ti aláìsàn. Ẹni tí kò bá mọ èyí kí ó tó lọ, kò ní mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí ó bi àwọn olùkọ́ rẹ̀.