Àwítúnwí Gìtá: Oghene Kologbo, Ọmọ Bíbí Warri, àti Ìpamọ́ Orin Fẹlá

Ìfáàrà

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ lórí orin Fẹlá Aníkúlápó Kútì (1938–1997), ọ̀rọ̀ ẹnu Fẹlá ni wọ́n sábà máa ń gbé yẹ̀ wò: èébú rẹ̀ sí àwọn aláṣẹ, ẹ̀fẹ̀ rẹ̀, àti bí ó ṣe ń da èdè Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì. Èyí kò burú. Ṣùgbọ́n kí Fẹlá tó la ẹnu nínú ọ̀pọ̀ orin rẹ̀, gìtá ti ń sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Gbólóhùn kúkúrú kan ni gìtá náà ń sọ, yóò sì máa tún un sọ títí orin yóò fi parí. Ohun tó jẹ iṣẹ́ yìí lógún ni ìtàn irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀: ibi tó ti ṣẹ̀ wá, bí a ṣe pa á mọ́ láìkọ ọ́ sílẹ̀, àti ẹni tí ó yẹ kí ìtàn rántí nítorí rẹ̀. Oghene Kologbo, ẹni tí a bí ní ìlú Warri, ni àpẹẹrẹ tí a ó gùn lé.

Kí ni àwítúnwí gìtá?

Àwọn olórin rọ́ọ̀kì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ń pe irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ní rífì. Òun ni etí kọ́kọ́ máa ń mú nínú orin wọn, òun náà ni àwọn olólùfẹ́ orin sì máa ń jiyàn lé lórí, pé èwo ló dùn jù. Ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ orin ‘Smoke on the Water’ tí ẹgbẹ́ Deep Purple gbé jáde ní 1972 lè mọ ìró gìtá Ritchie Blackmore tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bákan náà ni ‘Satisfaction’ ti ẹgbẹ́ Rolling Stones ní 1965. Keith Richards, ẹni tó ta gìtá rẹ̀, sọ pé ojú oorun ni òun ti gbọ́ ọ; ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ni ó fi gbà á sílẹ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí ó tó mọ ohun tí òun ṣe.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá, nǹkan yìí kì í ṣe àjèjì. Ọlátúnjí (1984) ti fi hàn pé àwítúnwí jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára àwọn àbùdá ewì alohùn wa. Nínú ìlù dùndún pẹ̀lú, ìyá ìlù ló ń sọ̀rọ̀, tó ń pa òwe, tó ń ki ènìyàn. Gúdúgúdú àti àwọn ìlù kékeré tó kù a sì máa lu ohun kan náà láìyẹsẹ̀. Bí wọ́n bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ìyá ìlù kò ní ibi tí yóò fìdí kalẹ̀ sí. Ibí yìí ni ìyàtọ̀ wà láàárín rọ́ọ̀kì àti orin Fẹlá. Nínú rọ́ọ̀kì, àwítúnwí gìtá sábà máa ń ṣí ilẹ̀kùn orin, yóò yà fún akọrin, yóò sì tún padà wá. Nínú orin Fẹlá, ó dà bí ìlù kékeré: kì í yà fún ẹnikẹ́ni. Nínú ‘Zombie’ (1976), tó lé ní ìṣẹ́jú 12, fèrè ń ké, Fẹlá ń pàṣẹ, àwọn elégbè ń dáhùn, síbẹ̀ gìtá kò kúrò lójú kan.

Láti èbúté dé agbo jùjú

Etíkun ni gìtá ti wọ ilẹ̀ wa. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà, tí wọ́n ń bá ọkọ̀ òyìnbó ṣiṣẹ́ láti èbúté dé èbúté, ló tan ọgbọ́n fífi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ta okùn gìtá ká. Àtàǹpàkò a máa tẹ ìsàlẹ̀, ìka kejì a sì máa hun orin lókè. Ní ilé ẹmu ni ọgbọ́n yìí ti gbilẹ̀. Ní 1928, Kwame Asare àti ẹgbẹ́ Kumasi Trio láti Gánà kọ ‘Yaa Amponsah’ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwítúnwí gìtá inú orin yẹn di ìpìlẹ̀ tí àìmọye orin háíláìfù jókòó lé. Ní ọdún kan náà ni Domingo Justus kọ orin Yorùbá sínú àwo ní ìlú kan náà.

Ní Èkó, Túndé King gbé àwo jáde ní 1936, orúkọ jùjú sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀. Àyìndé Bákàrè (1912–1972) tẹ̀ lé e ní 1937. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, nǹkan méjì ló yí orin jùjú padà. Ní nǹkan bí 1948, Àkànbí Ẹ̀gẹ́ mú gángan wọ inú rẹ̀. Ní 1949, Bákàrè so gìtá rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Láìsí ẹ̀rọ yẹn, ariwo ìlù ìbá ti bo gìtá mọ́lẹ̀. Nígbà tí Sunny Adé yóò fi gbé ‘Juju Music’ jáde ní 1982, gìtá ti di púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gbólóhùn tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí agbo onílù.

Ọmọ Warri ní ilé Fẹlá

Ìlú èbúté ni Warri pẹ̀lú. Ní àdúgbò bí Ajamimogha, etí ọmọdé kì í gbọ́ èdè kan ṣoṣo: Ìṣẹ̀kírì, tó bá Yorùbá tan tímọ́tímọ́, ń bẹ níbẹ̀, Urhobo àti Ìjọ ń bẹ nítòsí, Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì ló so gbogbo wọn pọ̀. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni a bí Kologbo sí. Oghene tó ń jẹ́ ni àwọn Urhobo àti Isoko ń pe Ọlọ́run. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ di gìtá mú nínú ilé wọn, nítorí gbajúgbajà olórin háíláìfù ni bàbá rẹ̀, Joe King Kologbo.

Ọ̀dọ́langba ni nígbà tó wọ ẹgbẹ́ Africa 70. Iṣẹ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni ti gìtá tẹ́nọ̀, èyí tí ń ta okùn kọ̀ọ̀kan ní ṣókí-ṣókí, tó sì ń di àwítúnwí mú, nígbà tí gìtá kejì ń ha okùn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti fún orin ní ìrìn. Nígbà mìíràn tí wọ́n bá ń gba ohùn sílẹ̀, òun náà ló tún ń ta gìtá kejì yìí tàbí gìtá olóhùn ìsàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn wà lọ́rùn rẹ̀ tí kò hàn lẹ́yìn àwo. Lóòtọ́, Fẹlá kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Trinity College ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì mọ orin kọ sórí ìwé. Síbẹ̀, ẹnu ni ó fi ń fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlà orin tí kálukú yóò ta. Bí orin tuntun bá sọ sí i lọ́kàn lóru, Kologbo ni yóò kọ ọ́ sí létí. Kologbo yóò gbé e sùn, yóò gbé e jí, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, yóò fi kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi ìgbáradì. Ohun tí ẹ̀rọ ṣe fún Keith Richards ní 1965, orí ọ̀dọ́ kan ló ń ṣe é fún Fẹlá.

Ẹni tó bá mọ bí ọmọ awo ṣe ń kọ́ ẹsẹ Ifá kò ní ka èyí sí eré. Ọmọ awo kì í ṣe ẹni tó dá ẹsẹ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá gbàgbé, ẹsẹ náà kú. Ohun tó wà lórí Kologbo tilẹ̀ le díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹsẹ Ifá wà lẹ́nu babaláwo púpọ̀, ṣùgbọ́n orin òru yẹn kò tíì sí lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ta ló ni ín?

Ní 1973, Paul McCartney àti ẹgbẹ́ Wings wá sí Èkó láti gba ohùn ‘Band on the Run’ sílẹ̀. Fẹlá fẹ̀sùn kàn án pé orin aláwọ̀ dúdú ló wá jí, àfi ìgbà tí McCartney jẹ́ kí ó gbọ́ ohun tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó rọlẹ̀. Ìbẹ̀rù Fẹlá kò ṣàìnídìí. Ní 1990, Paul Simon ará Amẹ́ríkà fi ‘Yaa Amponsah’ ṣe ìpìlẹ̀ orin rẹ̀ kan, ìjọba Gánà sì dìde láti dáàbò bò ó gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ìlú.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí Fẹlá bi àlejò yẹ kí ó wọlé dé inú agbo pẹ̀lú. Ní 1978, lẹ́yìn eré tí Africa 70 ṣe ní ìlú Berlin, ẹgbẹ́ náà tú. Kologbo kò bá wọn padà sílé. Jámánì ni ó jókòó sí. Tony Allen (1940–2020), ẹni tó ń lu ìlù, kúrò pẹ̀lú, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ owó wà lára ohun tó lé òun lọ. Orúkọ Fẹlá nìkan ni a kọ gẹ́gẹ́ bí olùdásílẹ̀ orin. A kò lè sọ pé irọ́ ni, nítorí òun ló hun ìlà orin. Ṣùgbọ́n èdè wa mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó dá nǹkan sílẹ̀, ẹni tó pa á mọ́, àti ẹni tó ṣe é lójú agbo. Àwo orin kò ní ju àyè ẹyọ kan lọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ Kologbo kò sì kú. Ní 2010, nígbà tí Ebo Taylor, àgbà olórin Gánà, gbé ‘Love and Death’ jáde pẹ̀lú ẹgbẹ́ Afrobeat Academy ti Berlin, Kologbo ló wà nídìí gìtá.

Ìkádìí

Ìtàn yìí fi hàn pé àwítúnwí gìtá tó dà bí ohun kékeré létí gbé ìtàn èbúté, ilé ẹmu, agbo jùjú àti orí ọmọ Warri kan pọ̀. Ó tún fi hàn pé orin Fẹlá, tí ayé ti kọ́ bí a ti ń kọ ìwé lé lórí, jẹ́ lítíréṣọ̀ alohùn nínú bí a ṣe dá a àti bí a ṣe pa á mọ́. Nítorí náà, kò tọ́ kí àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ alohùn máa da ọ̀rọ̀ orin kọ nìkan, kí a fi ohùn gìtá àti orúkọ ẹni tó ta á sílẹ̀. Fatai Rolling Dollar, tí Ebenezer Obey ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ti lọ ní 2013. Victor Uwaifo ti Benin ti lọ ní 2021. Àwọn tó kù kò ní dúró dè wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ́wọ́ yóò ṣe dáadáa bí ó bá tọ̀ wọ́n lọ nísinsìnyí, kí ó bi wọ́n pé ta ló kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n ń ta, kí ó sì kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀.