Ọjà Sẹ́ǹtì 99: Bí Àwọn Tó Ń Kọ Áàpù Ṣe Ta Ara Wọn ní Ọ̀pọ̀

Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ Apple ṣí ọjà kan tí wọ́n pè ní App Store, níbi tí ẹni tó ní iPhone ti lè ra áàpù sórí fóònù rẹ̀. Nǹkan bí 500 áàpù ló wà lórí àtẹ lọ́jọ́ náà. Òfin ọjà yìí kò ṣòro: ẹni tó kọ áàpù ni yóò dá iye lé e, Apple yóò mú ìdá 30 nínú 100, ìyókù yóò sì jẹ́ ti ẹni tó ṣiṣẹ́. Nígbà náà, sẹ́ǹtì 99 ni iye tó kéré jù tí ènìyàn lè tà á, àfi bí ó bá fẹ́ fi ta aráyé lọ́rẹ.

Lóòótọ́, ọjà náà kọ́kọ́ lérè. Steve Demeter, ará Amẹ́ríkà tí kò ní ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn, ta eré rẹ̀ tó ń jẹ́ Trism ní dọ́là 4.99. Láàárín oṣù méjì, ó ti rí 250,000 dọ́là níbẹ̀. Ìròyìn yìí tàn káàkiri, àwọn tó ń dá iṣẹ́ ṣe sì gbà pé ọ̀nà ọlà ti là.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to áàpù sórí àtẹ ló ba nǹkan jẹ́. Iye ènìyàn tó gba áàpù ni wọ́n fi ń to àwọn tó gbajúmọ̀ jù, kì í ṣe iye owó tó wọlé. Èyí tó bá wà lókè ni ojú ń rí. Èyí tó wà nísàlẹ̀ dà bí ìsọ̀ tó wà lẹ́yìn ọjà. Kò sì sí ọ̀nà tó yá láti gòkè ju kí ènìyàn já iye owó rẹ̀ wálẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti ń ta tirẹ̀ ní sẹ́ǹtì 99, ẹni tó ń ta ní dọ́là 5 yóò dà bí ẹni tó fẹ́ rẹ́ oníbàárà jẹ. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, Craig Hockenberry, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ áàpù, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Jobs, ọ̀gá Apple. Ẹjọ́ tó rò ni pé irú iye bẹ́ẹ̀ kò lè dá owó iṣẹ́ ńlá padà, nítorí náà àwọn tó mọ iṣẹ́ ń yẹra fún un.

Nínú ọjà Yorùbá, olùtajà a máa pe iye tó ga, olùrà a sì máa ná an títí wọn yóò fi pàdé láàárín. Kò sí ìnájà ní App Store. Ẹni tó bá ti pe iye ìsàlẹ̀ níbẹ̀ kì í tètè rí ọ̀nà gòkè mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni áàpù kì í ṣe ohun tí a ń tà tí a sì ń gbàgbé. Lọ́dọọdún ni ètò inú iPhone ń yí padà. Bí a kò bá tún áàpù ṣe, yóò kú. Síbẹ̀, ọjà náà kò fi àyè sílẹ̀ láti gba owó àtúnṣe lọ́wọ́ ẹni tó ti rà á. Ìdí nìyí tí Loren Brichter, tó kọ Tweetie, fi gbé Tweetie 2 jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009 gẹ́gẹ́ bí ọjà tuntun, ní dọ́là 2.99. Àwọn kan lára oníbàárà rẹ̀ fárí gá pé àwọn ti sanwó rí. Owó tí kò tó dọ́là 3 ló dá ìjà náà sílẹ̀.

Ní oṣù kan náà, Apple gbà kí áàpù ọ̀fẹ́ máa ta nǹkan nínú ara rẹ̀. Láti ìgbà náà ni sẹ́ǹtì 99 pàápàá ti ń di ọ̀wọ́n lójú àwọn olùrà. Ní oṣù Kejì ọdún 2014, Asher Vollmer àti Greg Wohlwend gbé eré Threes jáde ní dọ́là 1.99, lẹ́yìn iṣẹ́ tó ju ọdún kan lọ. Nígbà tó di oṣù Kẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ítálì kan, Gabriele Cirulli, fi òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo kọ 2048, eré tó jọ ọ́, ó sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. 2048 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀.

Ní ọdún 2016, Apple gba gbogbo áàpù láyè láti máa gba owó lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, àwọn tó ṣe Ulysses, áàpù àwọn òǹkọ̀wé, ní ìlú Leipzig ní Jámánì, pa àtàpa ẹ̀ẹ̀kan tì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba dọ́là 4.99 lóṣù. Àwọn oníbàárà kan bínú gan-an, ṣùgbọ́n áàpù náà kò kú. Láti oṣù Kínní ọdún 2021, Apple dín ìpín tirẹ̀ kù sí ìdá 15 nínú 100 fún ẹni tí owó rẹ̀ kò bá kọjá mílíọ̀nù 1 dọ́là lọ́dún.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹni tó bá ń dá iye lé áàpù rẹ̀ lónìí, kí ó má kọ́kọ́ wo iye tí aládùúgbò rẹ̀ pè. Ọdún kẹta ni kí ó rò: ta ni yóò san owó iṣẹ́ ọdún náà? Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá sí nínú iye tó pè, oníbàárà tó rà á ní ọ̀pọ̀ yóò wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí áàpù náà kò ní ṣí mọ́.