Ta Ló Ṣe Ìbọn Tí Ẹ̀yà Rẹ̀ Ṣeé Pààrọ̀?

Láyé ìgbà kan, bí irin kan bá kán lára ìbọn ọmọ ogun, alágbẹ̀dẹ ní láti rọ òmíràn, kí ó sì máa fi ayùn yún un títí yóò fi wọlé. Ẹ̀yà ìbọn kan kì í sábà wọ ìkejì, bí wọ́n tilẹ̀ jọra lójú.

Ní 1785, Honoré Blanc, ará Faransé, kó ẹ̀rọ ìyìnbọn 50 tí wọ́n ti tú palẹ̀ síwájú Thomas Jefferson. Jefferson ń mú èyí tọ́wọ́ rẹ̀ bá bà, ó ń tò ó pọ̀, gbogbo rẹ̀ sì bára mu.

Eli Whitney ni ìwé wa máa ń yìn fún iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà. Ní 1798, ó gba iṣẹ́ ìbọn 10,000 pé òun yóò parí rẹ̀ láàárín ọdún méjì; ó di 1809 kó tó parí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sì tú èyí tó ṣẹ́kù nínú wọn wò, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà wọn kò ṣeé pààrọ̀.

John Hall ló yẹ ká yìn. Ní Harpers Ferry, ẹ̀rọ ló fi ń gé irin, ó sì ń fi òṣùwọ̀n yẹ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wò. Nígbà tó fi di 1834, ẹ̀yà tí Simeon North ṣe ní Connecticut ń wọ ìbọn tí Hall ṣe ní Virginia.

Ìjọra nìkan kò tó. Òṣùwọ̀n ló ń mú irin méjì bára mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn: kí a tó gba orúkọ tó lókìkí gbọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ìbọn rẹ̀ wò.