Gbẹ́rẹ́ àti Ìrántí Ara

Àwọn baba wa kì í ṣàdédé pe Ṣọ̀pọ̀nná lórúkọ. Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí Ilẹ̀ẹ́gbóná. Wọ́n sì ń kí i ní Ọbalúayé, nítorí pé ààfin àti ahéré, kò sí èyí tí kì í wọ̀. Àwọn kan a máa ka èyí sí ìbẹ̀rù òpè. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ wà nínú ìbẹ̀rù náà.

Kòkòrò àìfojúrí, irú èyí tí a ń pè ní fáírọ́ọ̀sì, ni ó ń fa àrùn náà. Èémí aláìsàn ni ó sábà ń bá dé ara ẹlòmíràn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ méjìlá, ibà yóò dé. Lẹ́yìn náà ni yóò sú bo ojú àti ara. Nínú ẹni mẹ́wàá tí irú rẹ̀ tí ó le bá mú, bíi mẹ́ta ni ó ń kú. A kò rí oògùn tí ó wò ó títí ó fi kásẹ̀ nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ṣàkíyèsí pé ẹni tí Olóde bá bá jà tí ó sì yè, kì í tún bá a jà mọ́. Ara rẹ̀ ti dá ọ̀tá mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kọ́ bí yóò ti ṣẹ́gun rẹ̀. Irú àkíyèsí yìí ni ó bí gbẹ́rẹ́: wọn a fi díẹ̀ nínú ọyún aláìsàn pa ojú gbẹ́rẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le, kí ìjà kékeré lè kọ́ ara ní ogun ńlá. Onesimus, ẹrú ọmọ Áfíríkà kan ní Boston, ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ̀, Cotton Mather, pé wọ́n ti ṣe é fún òun nílẹ̀ baba òun. Nígbà tí àrùn náà jà níbẹ̀ ní 1721, wọ́n lo ìmọ̀ rẹ̀. Ní 1796, Edward Jenner ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí èyí tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀, láti ara àrùn màlúù.

Ohun tí ń gbani tún lè pani. Ní Èkó, Dókítà Oguntola Sapara wọ inú ẹgbẹ́ àwọn àwòrò Ṣọ̀pọ̀nná, ó sì jábọ̀ pé àwọn kan ń fi èépá ara aláìsàn tan àrùn kálẹ̀. Àwọn àwòrò náà ni ó sì ń kó ẹrù ẹni tí ó bá kú. Ìjọba fi òfin de ìsìn náà. Òfin de àwòrò. Kò de àrùn.

Àjẹsára ni ó dè é. Ní ìparí 1966, abẹ́rẹ́ kò kárí ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà. William Foege àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wá aláìsàn kiri, wọ́n ń gún àwọn tí ó yí i ká. Nítorí pé ara ènìyàn nìkan ni kòkòrò yìí ń gbé, kò rí ibi sá sí. Ó kúrò ní Nàìjíríà ní 1970. Ní oṣù karùn-ún 1980, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé.

Àpá àjẹsára náà wà lápá àwa àgbà. Kò sí lápá àwọn ọmọ wa, nítorí a kò gún wọn mọ́. Láti 2017 sì ni ìbátan àrùn náà, tí a ń pè ní mpox, ti tún ń jà ní Nàìjíríà. Àjẹsára àtijọ́ a máa dáàbò bo ni lọ́wọ́ òun náà. Ilé àti oko ni ọmọ ń jogún; a kì í jogún ìrántí ara. Ìran kọ̀ọ̀kan ni ó gbọ́dọ̀ gba tirẹ̀.