Ta Ló Ń Yan Ọ̀nà fún Tíṣà?

Ẹ̀yin ará, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Maryland níbí pẹ̀lú wa, ó dá mi lójú pé ẹ ti gbọ́ nípa àwọn ilé-ìwé tuntun tí ìjọba Gómìnà Peter Mbah dáwọ́ lé ní ìpínlẹ̀ Enugu: 260 ni, ọ̀kan fún wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Owo, ní Nkanu East, ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Pátákó wọn ń tàn bíi tẹlifíṣọ̀n, ọmọ á sì máa fọwọ́ ṣe nǹkan dípò kó kàn máa há ìwé sórí. Ó wù mí kó yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wa ṣe ń wo pátákó, ta ló ń wo ẹni tó dúró níwájú rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1882, nígbà tí Èkó wà lábẹ́ Gold Coast, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ìjọ ló ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé nígbà náà. Ìjọba ní òun á ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n apá kan owó náà dá lórí bí àwọn ọmọ bá ṣe ṣe sí nígbà ìdánwò. Ọgbọ́n tí wọ́n ti ń dá nílùú wọn láti 1862 nìyẹn. Kíkà àti kíkọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sanwó fún, wọn ò ka Yorùbá sí. Ẹ wá ro ti tíṣà ìjọ tó ti ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà. Kò dìgbà tẹ́nikẹ́ni bá ní kó pa èdè rẹ̀ tì. Owó ti bá a sọ̀rọ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká dé Ilé-Ifẹ̀. Ní January 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní St. Stephen's 'A', Modákẹ́kẹ́. Ford Foundation ló fowó ràn wọ́n lọ́wọ́. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Tíṣà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú ló sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lára àwọn yòókù. Wọ́n fi wọ́n wé kíláàsì mìíràn tó kúrò nínú Yorùbá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Wọn ò kàn pàṣẹ fún tíṣà kí wọ́n wá fi í sílẹ̀ o. Wọ́n kọ ìwé tuntun, wọ́n sì dá tíṣà lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe dáadáa jù, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹnì kan lè ní kì í ṣe Yorùbá ló ṣe é, pé tíṣà Gẹ̀ẹ́sì yẹn ló ṣe é. Ó dáa bẹ́ẹ̀! A jẹ́ pé tíṣà náà ni.

Ní 2018, Edo gbé EdoBEST dé: tábúlẹ́ẹ̀tì ló ń sọ fún tíṣà ohun tó máa kọ́ àti bó ṣe máa kọ́ ọ. Ìrànlọ́wọ́ gidi ni fún ẹni tí kò mọ ibi tó máa gbé e gbà. Ṣùgbọ́n tábúlẹ́ẹ̀tì ò rí ojú ọmọ tí ẹ̀kọ́ ò yé. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ni jálẹ̀ ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n fagi lé e, ó di Gẹ̀ẹ́sì. Tíṣà kan náà ló gba àṣẹ méjèèjì. Tí ọmọ Igbo, ọmọ tiwa àti ọmọ Hausa bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní Maryland níbí, òun nìkan ló mọ èyí tó gbọ́ àti èyí tó kàn ń mi orí.

Nítorí náà, tí wọ́n bá pè yín sí ìpàdé òbí àti tíṣà, ẹ má kàn bèèrè iye kọ̀ǹpútà tó wà níbẹ̀. Ẹ bi tíṣà ọmọ yín pé: "Ẹ̀yin tíṣà wa, tí ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ ò bá yé ọmọ yìí, ṣé wọ́n gbà yín láyè láti gba ọ̀nà mìíràn?" Kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀gá ilé-ìwé gbọ́ ìdáhùn náà.